Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ, Tàgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè: Ìtàn Ẹgbẹ́ Debian

Láyé àwọn baba wa, bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, a bẹ ọ̀wẹ̀. Àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò a wá bá a ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan, òun a sì pèsè oúnjẹ fún wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ a sì máa ṣe àáró: lónìí, oko tìrẹ, lọ́la, oko tèmi. Nínú méjèèjì, gbogbo ènìyàn ló mọ olóko, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ti ọ̀wẹ̀ kan tí kò ní olóko, tí àwọn tí ń ṣe é kì í sábà rí ojú ara wọn, tí ẹni tí kò mú ọkọ́ lọ́wọ́ rí sì lè kórè níbẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1993, Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, kéde àkójọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní Debian. Orúkọ Debra, olólùfẹ́ rẹ̀, ni ó so mọ́ Ian tirẹ̀. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Richard Stallman ti kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, kí aráyé lè ní ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó lè yẹ̀ wò, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè pín fún ẹlòmíràn. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, sì ti gbé Linux jáde ní 1991. Ohun tí Murdock fi kún un ni pé kí àkójọ náà má ṣe jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kankan, kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́, kí olúkúlùkù sì máa bójú tó ìpín tirẹ̀.

Ní 1997, ẹgbẹ́ náà kọ àdéhùn wọn sílẹ̀: ètò wọn yóò wà ní òmìnira títí; wọn kò ní bo àṣìṣe mọ́lẹ̀; ire àwọn tí ń lò ó ni yóò ṣíwájú. Ìlànà tí wọ́n so mọ́ ọn sọ pé a kò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni tàbí ẹgbẹ́ kankan sọ́tọ̀. Láti inú ìlànà yìí ni a ti fa ìtumọ̀ ohun tí gbogbo ayé ń pè ní open source yọ ní 1998.

Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ẹgbẹ́? Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé ní láti ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí yóò máa fi fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ ni í jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ yìí, àṣà wọn sì ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹni náà lójúkojú, kí wọ́n wo ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí kọ̀ǹpútà àìmọye ni yóò gba ohun tí ó bá fi ránṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ìrìn ọkọ̀ ojú irin fún ará Berlin lè di ọ̀rọ̀ físà fún ará Ìbàdàn. Ọdún 2016 ni ìpàdé àgbáyé wọn tó kọ́kọ́ wáyé nílẹ̀ Áfíríkà, ní Cape Town.

Ohun mìíràn tún wà. Fún ọdún púpọ̀, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí kóòdù ni ìlànà wọn mọ̀ jù. Oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni wọ́n dìbò pé kí ìlẹ̀kùn ṣí fún àwọn tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, tí ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà, tàbí tí ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ ìdìbò bíi ti àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń kọ kóòdù. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé ka orí Debian ní 2004, ni ó mú mi wọlé, nípasẹ̀ àwo CD tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ìtumọ̀ sí Yorùbá ni iṣẹ́ tí mo mú. Alẹ́ méjì ni àwa mẹ́ta fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní save. Ẹnì kan ní “fi pamọ́”. Mo ní ohun tí a bá fi pamọ́, a kò fẹ́ kí ojú rí i ni. “Tọ́jú” ni mo fẹ́. Ẹnì kẹta ní aláìsàn ni a ń tọ́jú. Níkẹyìn, “tọ́jú” borí. N kò tíì rí àwọn méjèèjì sójú títí di òní. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò mi tẹ ọ̀rọ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni mo tó gbà pé èmi náà wà lára àwọn tí ń ro oko yìí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹ̀rù bà wá. Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, lórí ẹ̀dà Debian tí a ṣì ń dán wò. Ó tọpa rẹ̀ dé inú xz, ètò kékeré kan tí ń fún fáìlì pọ̀. Ẹnì kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi bí ọdún méjì ṣèrànwọ́ níbẹ̀, títí a fi fọkàn tán an. Ó sì ti gbẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Àwọn kan ní ìyẹn ni èrè ìlẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kóòdù náà wà ní gbangba ni Freund fi lè tú àṣírí náà. Ibi tí ọ̀ràn ti bà jẹ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti ń dá oko náà ro fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìgba owó, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń kórè níbẹ̀. Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ dé, kò sí ẹlòmíràn nítòsí tí yóò bá a wo ojú àlejò náà.

Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá rẹ̀ a jókòó sábẹ́ igi, ẹlòmíràn a sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀ sí jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó bá lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá bó ti tọ́ ti ní ọkọ́ lọ́wọ́. Oko ṣì pọ̀, àwọn tí ń ro ó kò sì tó.