Ọ̀DỌ̀ TA NI O WỌ̀ SÍ?

Ilé-ìtura kékeré kan tí ó lẹ́wà, létí òkun, ní erékùṣù tí kò sí ariwo: irú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fẹ́ lọ nígbà ìsinmi. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò sanwó, yóò gba kọ́kọ́rọ́, yóò sùn; kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ilé baba rẹ̀.

Ní ìhà gúúsù Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, òkun jìnnà sí wa. Òkè àti igbó ni ó yí wa ká. Síbẹ̀ àlejò ti ń sùn lọ́dọ̀ wa kí ilé-ìtura tó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́tí sí. Àwọn àgbà kì í bi àlejò pé, “Ibo ni o sùn?” Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, “Ọ̀dọ̀ ta ni o wọ̀ sí?” Ènìyàn ni ìbéèrè náà ń wá, kì í ṣe ilé. Onílé ní í fún àlejò ní omi, oúnjẹ àti ẹní. Bí àlejò bá sì ṣẹ̀, onílé ni wọn yóò pè.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó mọ ìwà hù. Nígbà tí Ìbàdàn borí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ó fi ajẹ́lẹ̀ sí wọn. Àlejò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń pàṣẹ fún onílé. Ìnilára wọn wà lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀ ní 1877. 1886 ni a tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà.

Lẹ́yìn èyí ni òyìnbó dé, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ sì fi igi sọ ìtàn náà fún wa. Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni a ti bí Ọlọ́wẹ̀ ní nǹkan bí 1873. Ó di ẹmẹsẹ̀ Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, ó sì kú ní 1938. Láàrin 1910 àti 1914 ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, adé ń bẹ lórí rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn ènìyàn ru Captain Ambrose, òyìnbó ìjọba, bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: onílé jókòó, àlejò ni à ń gbé wá bá a. Agbára ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọba wa nígbà náà, ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé ẹni tí ó ni ilé.

Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìfihàn ńlá ní Wembley, ní London. Àwọn ará ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Títí di òní, London ni ó wà. Òpó kan láti ààfin kan náà sì wà ní Chicago.

N kò pè é ní olè jíjà, nítorí pàṣípààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ọba tí ó wà lábẹ́ ìjọba àjèjì lè sọ pé “rárá” láìbẹ̀rù? Ìbéèrè tí ó yẹ kí a jíròrò nínú ẹgbẹ́ wa nìyí.

N kò bú ilé-ìtura. Ó gba onílé tí kò ní lọ́wọ́ ìnáwó, ó sì gba àlejò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanwó kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ẹnikẹ́ni kò sì ní í dúró fún un. Ẹni tí ó wọ̀ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn ní orúkọ kan láti dá nígbà tí ọ̀ràn bá dé. Iṣẹ́ ọwọ́ baba wa wà ní àjò. Bí àwa ọmọ rẹ̀ kò bá béèrè ẹni tí ó wọ̀ sí, ta ni yóò béèrè?