Omi Kì í Gbàgbé Ọ̀nà: Ohun Tí Ìtàn Fi Ń Kọ́ Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́lé

 Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ń fowó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá òun ra ilẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi èyí tó kàn ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ máa ń to àpáàdì sí ilẹ̀ àgbàlá, wọ́n á gbé e dúró ní òró, wọ́n á tò ó mọ́ra pẹ́kípẹ́kí títí ilẹ̀ á fi le. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ yìí mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Nígbà tí Peter Garlake, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wa ilẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó bá irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ pàdé, èyí tó ti lé ní 500 ọdún. Ó lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ ó tún níṣẹ́ tó ń ṣe. Àárín àgbàlá ni omi òrùlé agbo ilé ń dà sí. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rọ̀, omi á máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri amọ̀, kò sì ní pẹ́ tí ògiri á fi wó. Ẹni tó ń kọ́ ilé amọ̀ ò lè fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré.

Àwọn baba wa náà mọ èyí. Ìbàràpá jẹ́ ilẹ̀ olókè àpáta, àpáta kì í sì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń sáré bọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ipa àgbàrá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ilẹ̀ tó máa ń rin ṣe àkùrọ̀, ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹ́nì kan bá wá ń ta àkùrọ̀ fún yín lónìí ní pulọ́ọ̀tì, ẹ bi í pé kí ló dé tí baba rẹ̀ ò kọ́lé síbẹ̀.

Omi tó dúró sójú kan náà ní ìyà tirẹ̀. Ẹ̀yin àgbà Ìdèrè ò ní gbàgbé sòbìyà. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí àwọn èèyàn ń pọn mu ló ń gbé. Ẹni tí sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ á wọ inú omi, ẹni tó bá mu nínú rẹ̀ á kó o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn ti ń bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn láti máa fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ omi. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2013 sì ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sòbìyà ti lọ, àmọ́ ẹ̀fọn ò tíì lọ. Kòtò tẹ́ ẹ bá wa yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ò dí, ilé ẹ̀fọn lẹ kọ́ yẹn, ibà ló sì máa gba owó ilé.

Ẹ̀kọ́ tó le jù wà n'Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa. Odò Ògùnpa gba àárín ìgboro kọjá. Àwọn èèyàn kọ́lé dé etí rẹ̀, wọ́n tún ń da ilẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀, odò ò rí ọ̀nà gbà, ló bá gba inú ilé. Èèyàn tó kú lé ní 200. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ṣé a gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn? Ní ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Omi bo àwọn àdúgbò, afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, Yunifásítì Ìbàdàn fara gbá, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Ẹlẹ́yẹlé kọjá wá sí Èrúwà, ẹ mọ agbègbè tí mò ń sọ. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé n'Ìbàdàn. Ẹ wò ó bí owó ìtúnṣe ṣe pọ̀ tó! Tí wọ́n bá ti jìnnà sétí odò látìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ mélòó kan ni ì bá ná wọn.

Àwọn ìlú wa ń fẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ oko àná ti di àdúgbò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni katapílà sábà máa ń wá, á ha ilẹ̀ pẹrẹsẹ, á dí ojú àgbàrá mọ́ ọn, gbogbo ilẹ̀ á wá dà bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Òjò nìkan ló máa sọ òótọ́. Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn yìí:

Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò ńlá, kó ya fọ́tò, kó sì bi àwọn àgbẹ̀ itòsí léèrè ibi tí omi ń gbà. Kí bíríkìlà kó ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, torí á rọ̀ wọlẹ̀ bó bá yá. Kó wa ìpìlẹ̀ dé ilẹ̀ tó le. Tó bá máa kún ilẹ̀, kó máa kún un díẹ̀díẹ̀, kó máa gún un mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, kì í ṣe kó da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Kí ilẹ̀ ilé ga ju ojú títì lọ, kí ilẹ̀ tó yí i ká sì dà sẹ́yìn, kí omi máa sá fún ògiri. Gọ́tà gbọ́dọ̀ níbi tó ń lọ. Gọ́tà tó parí sẹ́sẹ̀ ògiri aládùúgbò, ẹjọ́ lẹ gbẹ́ sílẹ̀ yẹn.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnì kan ò lè dá ṣe. Àdúgbò tuntun nílò ojú omi kan tí gbogbo gọ́tà máa dà sí, kó tó di pé ilé dí i pa. Ìsinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì ṣófo ló rọrùn. Ẹ̀yin olórí ẹbí tẹ́ ẹ ń talẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ipa omi sílẹ̀ lórí àwòrán sọ̀fíyọ̀, ẹ má tà á. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tá a máa jíròrò nípàdé, kó tó di pé a tún ń dáwó fún ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ.

Ilé tá a bá kọ́, a ó gbénú rẹ̀ pẹ́ o. Ìbàràpá á máa gbèrú sí i.