Ara Eku, Ara Ajá, Ara Tiwa: Ìtàn Septrin

Nọ́ńbà kan wà lára páálí Septrin tí ọ̀pọ̀ wa ti rí láìbéèrè ìtumọ̀ rẹ̀: 480. Oògùn méjì ni wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan. Mílígíráàmù 80 jẹ́ ti trimethoprim, 400 jẹ́ ti sulfamethoxazole. Ìyẹn ni pé bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, ti èkejì á jẹ́ márùn-ún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Septrin ni ìyá mi máa ń fún wa bí a bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ìdajì hóró fún ọmọdé, odidi fún àgbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìṣirò kan wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn. Èmi náà kò mọ̀, àfi nígbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ẹranko tí wọ́n fi dán an wò.

Jámánì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1932, Gerhard Domagk, tó ń ṣiṣẹ́ fún Bayer ní Elberfeld, kó kòkòrò àrùn streptococcus sí àwọn eku lára, ó sì fún àwọn kan nínú wọn ní àró pupa kan tí wọ́n wá sọ ní Prontosil. Àwọn tó gba àró náà yè. Àwọn tí kò gbà á kú. Ohun tó rú gbogbo èèyàn lójú ni pé bí wọ́n bá da Prontosil yìí kan náà lé kòkòrò àrùn lórí nínú ìgò, kò ṣe é ní nǹkan kan. Àfi nínú ara eku nìkan ni agbára rẹ̀ ti ń hàn.

Domagk gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1935. Kí ọdún yẹn tó parí, Jacques àti Thérèse Tréfouël, pẹ̀lú Federico Nitti àti Daniel Bovet, ti tú àdììtú náà ní Institut Pasteur ní Paris. Ara ló ń gé àró náà sí méjì. Apá kan, tí kò ní àwọ̀ rárá, tí wọ́n ń pè ní sulfanilamide, ni oògùn gan-an. Pípupa tí Prontosil pupa kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Sulfanilamide ọ̀hún sì ti wà nílẹ̀ láti 1908, kò sí iléeṣẹ́ kan tó tún lè sọ pé òun nìkan ló ni ín.

Àmọ́ ara tó lè sọ àró di oògùn tún lè sọ oògùn di aláìlágbára. Bí èèyàn bá gbé oògùn irú ti sulfanilamide mì, ẹ̀dọ̀ á so nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní acetyl mọ́ ọn, kò sì ní lè pa kòkòrò mọ́. Ní 1937, Eli Kennerly Marshall ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọn oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ìtọ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọ̀n ọ́ lára èèyàn, lára ehoro àti lára ajá. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ń so acetyl mọ́ oògùn. Ti ehoro náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ajá kò ṣe é rárá.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àwọn oògùn sulfa tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, èyí tí acetyl ti so mọ́ kì í yòrò dáadáa nínú ìtọ̀. Ó máa ń dì bí iyanrìn sínú kíndìnrín, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ aláìsàn léṣe. Ẹni tó bá jẹ́ ajá nìkan ló fi dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò kò ní rí iyanrìn yẹn. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì fún èèyàn lò.

Iléeṣẹ́ Wellcome ló wá ronú pé kí wọ́n so oògùn méjì pọ̀. George Hitchings àti Gertrude Elion ti ń wá ọ̀nà láti dí kòkòrò àrùn lọ́wọ́ níbi tó ti ń pèsè ohun tó fi ń bí sí i. Ọ̀kan nínú ohun wọ̀nyí ni folate. Àwa ń rí i nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí à ń jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bakitéríà gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn sè é. Sulfa ń dí ọ̀nà níbi ìgbésẹ̀ kan nínú sísè yẹn, trimethoprim ń dí i níwájú díẹ̀. Bakitéríà tó bá yọ́ kọjá lára ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ á ko èkejì lójú. (Ilé Hitchings yìí kan náà ni pyrimethamine ti wá, Daraprim tí àwọn òbí wa máa ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ibà.)

Hitchings àti Stanley Bushby gbé iṣẹ́ wọn lórí trimethoprim jáde ní 1968. Èmi rò pé ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ àkókò. Lára èèyàn, ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá kí ìdajì trimethoprim tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lára ajá àti eku, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lára ewúrẹ́, kì í tó wákàtí kan. Ẹni tó bá ń wá ẹnì kejì fún trimethoprim nípa wíwo ara ẹranko á mú sulfa tó ń sáré jáde, nígbà tó bá sì dénú èèyàn, ọ̀kan á ti lọ, èkejì á ku òun nìkan. Sulfa pọ̀ lórí àtẹ nígbà yẹn. Sulfamethoxazole ni wọ́n mú, torí pé lára èèyàn, òun náà ń lò tó wákàtí mẹ́wàá.

Eku tún fa wàhálà mìíràn. Thymidine wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì pọ̀ ju ti èèyàn lọ fíìfíì. Bakitéríà tí trimethoprim bá há mọ́ lè jí thymidine yìí lò, kó sì bọ́. Nítorí náà, oògùn náà lè dà bí ọ̀lẹ lára eku, kó sì jẹ́ akíkanjú lára èèyàn.

Ó wá ku ìṣirò 480. Trimethoprim kì í dúró pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó wọ ẹran ara, ó ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín. Bí wọ́n bá po ẹyọ kan mọ́ márùn-ún sínú hóró, ohun tí wọ́n á bá nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn á sún mọ́ ẹyọ kan sí ogún, ìwọ̀n yẹn sì ni oògùn méjèèjì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ jù lọ lòdì sí ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ní 1968 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wellcome pè é ní Septrin, Roche pè é ní Bactrim. Hitchings àti Elion gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Bushby kò sí níbẹ̀, ó sì dùn mí díẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn Nobel yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1989, àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní Amẹ́ríkà fi Septrin sára oògùn tí ẹni tó ní HIV, tí agbára ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, lè máa lò kí irú òtútù àyà kan tí wọ́n ń pè ní Pneumocystis má bàa mú un. Nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ní ká dúró ná. Wọ́n ní òtútù àyà yẹn kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà wa. Wọ́n ní bakitéríà ìhín ti mọ Septrin lójú, nítorí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á.

N kò ní pe àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Ajá àti ehoro ti kọ́ wa pé ara kan kò lè jẹ́rìí fún òmíràn. Àmọ́ nígbà tí Marshall ṣiyèméjì, ó wọ̀n ọ́n. Tiwa, ìyẹ̀n gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Abidjan ni wọ́n ti wá wọ̀n ọ́n, ìwádìí méjì, tí àbájáde méjèèjì jáde nínú Lancet ní 1999. Láàárín àwọn tó ní HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀, Septrin dín ikú kù ní ìdá 46 nínú 100. Nínú ìwádìí kejì, ó dín àìsàn líle kù ní ìdá 43 nínú 100. Pneumocystis tí wọ́n torí rẹ̀ ń lò ó ní Amẹ́ríkà kọ́ ló ń bá jà jù níbẹ̀. Ibà, òtútù àyà tí bakitéríà ń fà, àti ìgbẹ́ gbuuru kan tí kò fẹ́ lọ bọ̀rọ̀ ló ń lé.

Ní 2000, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNAIDS ní kí wọ́n máa lò ó ní Áfíríkà. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín 1989 sí ìgbà yẹn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Septrin wà lórí àtẹ àwọn onítà oògùn láti Dakar títí dé Kano. Ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru lè rà á. Ìyá mi náà rà á. Ẹni tó ní HIV ni wọ́n ní kó dúró.