Orí Tó Ń Gbóná: Ohun Tí Àwọn Dókítà Kọ́ Ní Àró

Basin, níbí ní Ìlọrin, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ká ní ẹnì kan wọlé tọ dókítà, ó ní, "Orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà." Kí ni dókítà tó kàwé lókè òkun máa kọ sílẹ̀? Ibà ni àbí wèrè?

Ohun tó ń bẹ nínú ìwé nígbà yẹn ò lè ràn án lọ́wọ́. Ní 1953, WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tẹ ìwé J. C. Carothers jáde. Òyìnbó yìí ní ọmọ Áfíríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀! Ẹni tó bá fi irú ìwé yẹn kọ́ṣẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ tìyá yín?

Ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ nǹkan tirẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Birmingham ló ti kọ́ iṣẹ́ dókítà, àmọ́ ọmọ ìlú ni. Kò dúró kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn Àró tán. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó wà nítòsí, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n aláìsàn sì gbọ́dọ̀ bá a wá. Láàárọ̀ wọ́n á gba ìtọ́jú, nírọ̀lẹ́ wọ́n á padà sílé láti dáná. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. (WHO kan náà ló sọ ọ́ di igbákejì ọ̀gá àgbà ní 1973. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.)

Ní Àró yìí ni Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà, ti pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tórí wọn ń gbóná, tí ìwé ò yé wọn mọ́. "Brain fag" làwọn fúnra wọn ń pè é. Prince ò pààrọ̀ orúkọ yẹn. Òun náà ló fi kọ̀wé ní 1960. Ohun tó ní ó ń fà á, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn.

Ìlọrin tiwa ńkọ́? Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe, Bàrùbá, gbogbo wa la jọ ń gbé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti dé ọ̀dọ̀ àfáà kí wọ́n tó dé ọsibítù, wọn ò sì ní sọ ọ́ fún ẹni tó máa fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní 2013, àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ìbéèrè 16 sínú ìwé ńlá wọn, tí dókítà á máa bi aláìsàn. Ọ̀kan ń bèèrè ohun táwọn ará ilé rò pé ó fa àìsàn náà. Òmíràn ń bèèrè irú ìrànlọ́wọ́ téèyàn ti wá tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣé wọ́n ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bèèrè é ní Yorùbá? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa.