Dallas, Ọjọ́ 7 Oṣù Keje: Ìbọn Kan, Ojú Méjì

Alẹ́ tó ṣáájú

Ara àwọn ènìyàn ti ń gbóná kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2016, tó mọ́ ní Dallas, ìpínlẹ̀ Texas. Ọlọ́pàá ti pa Alton Sterling ní Baton Rouge ní ọjọ́ 5. Ní ọjọ́ 6, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ Philando Castile dúró ní Falcon Heights, ìpínlẹ̀ Minnesota. Castile ní ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn. Kò dúró kí wọ́n tú òun lára wò. Òun fúnra rẹ̀ ló fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ìbọn wà lára òun. Kò pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìyẹn tí ọlọ́pàá náà fi yin ọta méje sínú ọkọ̀ náà. Castile sọ̀rọ̀ kí ọkàn ọlọ́pàá lè balẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì já ọlọ́pàá láyà. Obìnrin tó jókòó tì í gbé ìyókù sórí Facebook, gbogbo ayé sì wò ó kí ojúmọ́ tó mọ́.

Ọ̀sán

Bí àwọn olùṣètò ìwọ́de láti tako ikú àwọn méjèèjì ṣe ń pe ara wọn jọ ní Dallas, ó yẹ ká mọ ohun tí òfin sọ ní ibẹ̀. Òǹkàwé tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè máa ṣe kàyéfì, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gbé ìbọn kọ́ èjìká láàárín ìgboro, tí kì í ṣe ọdẹ tàbí agbófinró, kò sí ẹni tí yóò dúró bi í léèrè. Ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi fọhùn.

Ti Texas yàtọ̀. Ìbọn gígùn, bí AR-15, kò nílò ìwé àṣẹ kankan láti gbé kọ́ èjìká lójú títì. Ti ìbọn pélébé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nígbà náà: láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2016, ẹni tó bá ní láísẹ́ǹsì lè fi í há ìdí kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí àwọn aṣòfin ń jiyàn lórí òfin yìí ní 2015, Harold Dutton láti Houston, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, fẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: kí ọlọ́pàá má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí pé ó kàn rí ìbọn lára rẹ̀. Ó mọ ẹni tí wọn yóò máa dá dúró. Ẹni tó gbè é lẹ́yìn ní ilé aṣòfin àgbà ni Don Huffines láti Dallas, ọmọ ẹgbẹ́ Republican tí kò fẹ́ kí ìjọba máa yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn méjì tí kì í jẹun nínú abọ́ kan náà! Àwọn ọlọ́pàá yarí. Báwo ni àwọn yóò ṣe mọ̀ bóyá ènìyàn ní láísẹ́ǹsì bí àwọn kò bá lè béèrè? Wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò kí Gómìnà Greg Abbott tó fọwọ́ sí òfin náà.

N kò rí ẹni tí mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ́gbọ́n wá nínú wọn.

Aago méje ìrọ̀lẹ́

Nǹkan bí 800 ènìyàn péjọ sí Belo Garden. Nǹkan bí 100 ọlọ́pàá ni wọ́n kó wá ṣọ́ wọn. Aṣọ iṣẹ́ lásán ni wọ́n wọ̀, kì í ṣe akoto àti apata tí wọ́n fi ń ko ìjà ìgboro. Wọ́n ń bá àwọn tó ń wọ́de ya fọ́tò, ọ́fíìsì ọlọ́pàá sì ń gbé fọ́tò náà sórí Twitter.

Láàárín èrò náà, àwọn bí 20 sí 30 gbé ìbọn gígùn kọ́ra. Àwọn kan wọ ẹ̀wù ayẹta, àwọn kan dé ìbojú tí kì í jẹ́ kí tajútajú wọlé síni lójú.

Ọ̀kan nínú wọn ló kàn wá. Orúkọ rẹ̀ ti jà ràn-ìn káàkiri ayé ju bó ṣe yẹ lọ, n kò ní tún un dá. Aláwọ̀ dúdú ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó láwọ̀ bíi ti sójà, AR-15 rẹ̀ sì rọ̀ láti èjìká. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan wà lára àwọn tó ṣètò ìwọ́de náà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tọ́ tí Òfin Amẹ́ríkà fún òun náà ló ń lò, ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀tọ́ yẹn kò gba Castile là. Ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ń rí i, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Kí ni wọn ìbá bi í? Kò sí ìwé tí wọ́n lè ní kó mú jáde.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méjì

Ìwọ́de ti ń parí lọ nígbà tí ìbọn dún lẹ́bàá ibi tí òpópónà Main ti pàdé Lamar. Micah Johnson, ọmọ ọdún 25, tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí ní Afghanistan, ló ń dójú ìbọn kọ àwọn ọlọ́pàá. Ìró rẹ̀ ń ta padà lára àwọn ilé gíga, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wá. Ọlọ́pàá márùn-ún kú ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn mẹ́sàn-án mìíràn fara gbọta, bẹ́ẹ̀ náà ni ará ìlú méjì.

Ẹ fi ara yín sípò ọlọ́pàá tó wà ní ìkóríta yẹn. Ẹnì kejì yín ti ṣubú. Èrò ń sá, àwọn tó wọṣọ bíi sójà tí wọ́n gbé ìbọn dání sì wà lára àwọn tó ń sá. Èwo ni apànìyàn, èwo ni ẹni tó ń sá fún apànìyàn?

Ẹ wá bọ́ sípò ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìbọn tí kò já mọ́ nǹkan lójú ẹnikẹ́ni ní wákàtí méjì sẹ́yìn ti di ẹrù ikú lèjìká rẹ̀. Bó bá sá, wọ́n lè yìnbọn fún un. Bó bá dúró, wọ́n lè yìnbọn fún un. Ọmọ ìyá rẹ̀ ní kó gbé e fún ọlọ́pàá. Fídíò kan wà tó ṣàfihàn rẹ̀ níbi tó ti ń fa ìbọn náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, láìsí ariwo.

Kí ọ̀gànjọ́ tó lù

David Brown, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Dallas, sọ fún àwọn oníròyìn pé ó jọ pé àwọn tó ń yìnbọn ju ẹyọ kan lọ, tí wọ́n sì gba ibi gíga. Ọ́fíìsì rẹ̀ gbé fọ́tò ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì sórí Twitter pé afurasí ni, kí ará ìlú bá àwọn wá a. Ọwọ́ ọlọ́pàá tiwọn gan-an ni ìbọn rẹ̀ wà. Ẹni tó gbà á kò sí lẹ́nu iṣẹ́ Twitter, ẹni tó sì ń tẹ Twitter kò sí ní ìkóríta.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tọ ọlọ́pàá lọ. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìbéèrè há a mọ́lẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ní àwọn ní fídíò ibi tó ti ń yìnbọn. Kò sí irú fídíò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀.

Aago méjì ààbọ̀ òru

Johnson ti sá sínú ilé ẹ̀kọ́ El Centro. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí wọ́n ti ń bá a dúnàádúrà, àwọn ọlọ́pàá fi rọ́bọ́ọ̀tì gbé bọ́ǹbù wọlé tọ̀ ọ́, ó sì pa á.

Ọjọ́ Ẹtì

Ilẹ̀ mọ́, fọ́tò ọkùnrin náà ṣì wà lórí Twitter ọlọ́pàá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Kí ọjọ́ yẹn tó parí, Méyọ̀ Mike Rawlings sọ pé Johnson nìkan ló yìnbọn.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Brown, aláwọ̀ dúdú bíi ti ọkùnrin náà, sọ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá túbọ̀ ń le sí i, nítorí pé nígbà tí ìbọn bá ń dún láàárín èrò tó gbé AR-15 kọ́rùn, àwọn kò lè mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni burúkú. Ó ké sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Àwọn aṣòfin Texas ṣe nǹkan kan ní 2021. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè fi ìbọn pélébé há ìdí láìní láísẹ́ǹsì. Ìwé kan ṣoṣo tí ọlọ́pàá tó dúró ní ìkóríta Main àti Lamar ṣì lè béèrè tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.