Eérú, Sódà àti Ìmọ̀ Ìkòkò Aró ní Abẹ́òkúta

Ní àwọn ọdún 1920, aró èlú àti àdìrẹ sọ Abẹ́òkúta di ìlú tí àwọn oníṣòwò ń wá láti Gold Coast àti Senegal. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ló ni iṣẹ́ náà. Àwọn ará ìlú a máa tọ́ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí agbo-ilé Ìyálóde Jojolola ní àdúgbò Kémta. Aṣọ funfun òyìnbó tí ń wọlé láti Èkó ni wọ́n ń dì, tí wọ́n ń rán tàbí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún yà, kí wọ́n tó pa á láró.

Ìkòkò méjì ni aláró máa ń tò léra. Ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá da omi sí i, omi náà á máa ro sínú ti ìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni wọ́n ń ju èlú sí, ìyẹn ewé tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì sá gbẹ. Ọjọ́ mélòó kan ló fi máa ń kan kí aró tó pé. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò lè tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí eérú igi kan lágbára ju ti òmíràn lọ, ọyẹ́ sì máa ń fa aró sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí aláró fi ń tọ́ ọ wò, tí ó ń gbóòórùn rẹ̀, tí ó sì ń wo ìfófòó orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Búlúù inú èlú kì í yòrò nínú omi lásán. Bí ó bá ń kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí a yí i padà. Agbára eérú a sì jẹ́ kí ó yòrò, kí ó lè wọ inú òwú. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde máa ń ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, tí kò sì ní tètè ṣí mọ́. Àwọn aláró kò kọ ọ́ sínú ìwé báyìí, àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé bí aró bá kọ̀, wọ́n mọ̀ bóyá eérú ló kù tàbí ọjọ́.

Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá. Nígbà tí irú aró yìí àti kọ́sítíìkì sódà tó rọ́pò eérú dé Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ọjọ́ di iṣẹ́ wákàtí, àwọn tí kò jókòó ti ìkòkò rí náà sì lè wọ òwò náà. Ibi tí ewu wà nìyí: ẹni tí ó mọ iye ṣíbí sódà tí wọ́n ń bù sí aró nìkan kò mọ ohun tí sódà náà ń ṣe. Bí sódà bá pọ̀ jù, á jẹ ọwọ́, á sì sọ aṣọ di ẹlẹgẹ́. Bí aró kò bá yòrò dáadáa, ojú aṣọ ló máa dúró sí, omi ìfọṣọ á sì gbé e lọ.

Láàárín ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930, ọjà àdìrẹ wó lulẹ̀, ẹ̀sùn pé aṣọ ń ṣí, pé ó ń ya, sì pọ̀. Ọba Ẹ̀gbá, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de sódà àti aró àtọwọ́dá. Àwọn aláró kò gbà. Ní 1936 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ààfin dé ọ̀dọ̀ ìjọba amúnisìn, ìwádìí sì tẹ̀lé e. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìgboyà yẹn, nítorí òfin náà dá ẹni tó mọ sódà lò àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò lẹ́bi pọ̀.

Lónìí, sódà àti haidirosọ́fáìtì ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò ní Ìtòkú àti Kémta. Sódà ń ṣe iṣẹ́ eérú. Haidirosọ́fáìtì ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ tí èlú fi ń kan. Ọ̀rinrin àti atẹ́gùn a máa ba èyí kejì jẹ́ nínú ike, nítorí náà ìwọ̀n lè pé kí aró má sì ṣiṣẹ́. Nínú aró búlúù, àwọ̀ omi ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ń wò kí wọ́n tó ri aṣọ bọ̀ ọ́: bí omi náà bá ṣì dúdú ní búlúù, tí kò tíì di àwọ̀ ewé àti ìyeyè, aró náà kò tíì ṣetán.