Crowther: Orúkọ Onígòjé Tó Di Orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù

 

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí bóyá ó yẹ kí Kristẹni máa jẹ́ orúkọ ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Awo, Ifá tàbí Ògún. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ bi mí. Wọ́n ti lọ búra ní kóòtù, wọ́n ti gbé e sínú ìwé ìròyìn, Ifá ti di Jésù. N kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn surname kan tí gbogbo ìjọ ní Nàìjíríà ń fọ̀wọ̀ pè, tí a kì í sì í béèrè ibi tó ti wá. Crowther ni.

Àjàyí ni wọ́n ń pè é nílé. Àmútọ̀runwá ni, orúkọ ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. Òṣogùn lápá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí 1809. Nígbà náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ surname nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ júwe rẹ̀, oríkì orílẹ̀ ló sì ń sọ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní 1821, ogun kó Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Freetown.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá 1825 ni Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un. Orúkọ tí wọ́n fún un, Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London ni, tó ń bójú tó ìjọ Christ Church ní Newgate, tó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ti CMS lẹ́yìn. Gbogbo orúkọ bàbá olóyìnbó yẹn, tòun ti surname rẹ̀, ni wọ́n gbé wọ ọmọ Òṣogùn.

Ṣé ẹ rò pé Crowther wá láti inú Bíbélì ni? Rárá o. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, crowther ni ẹni tó ń ta ohun èlò olókùn kan báyìí, tó fara jọ gòjé. Bí àwa ṣe ń pe ọmọ onílù ní Àyàndélé ni wọ́n ṣe ń pe onígòjé ní Crowther. Bẹ́ẹ̀ náà ni Smith, alágbẹ̀dẹ ni. Ní Ítálì, Ferrari tí ẹ ń wo ọkọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, alágbẹ̀dẹ náà ni. Nítorí náà, Àyàndélé tó bá sọ ara rẹ̀ di Crowther kàn ti inú ìlù bọ́ sínú gòjé ni!

Ibi tó kan àwa ará Okun nìyí. Àjàyí nìkan kọ́ ló dé Freetown. Ní 1854, Koelle, òjíṣẹ́ CMS tó jẹ́ ará Jámánì, tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde, ó sì kó ọ̀rọ̀ láti ẹnu àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀. Lára èdè tó kọ sílẹ̀ ni Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn èèyàn wa ni! Ogun Nupe tí àwọn àgbà wa ń sọ, tí kò tán pátápátá àfìgbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897, ó kó wa gan-an. Ní Freetown, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ di Johnson, wọ́n di Cole, wọ́n di Williams. Cole kan lè wà níbẹ̀ lónìí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Mopa, kò sí ohun kan nínú orúkọ rẹ̀ tí a ó fi mọ̀ ọ́n.

Àjàyí ṣe oríire ní tirẹ̀. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí ni Crowther fẹ́ sọ fún ìyá yẹn? Àjàyí ló bí. Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, bí orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. (Ó dùn mọ́ mi gan-an.) Àjàyí yìí kan náà ló gun odò Ọya wá sí Gbẹ̀bẹ̀, nítòsí Lọ́kọ́ja wa níbí, tó dá iṣẹ́ ìyìn rere sílẹ̀, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ẹlòmíràn wà tó yí tirẹ̀ padà sílé. David Brown Vincent, ọmọ Iléṣà, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní 1894 tó di Mojọlá Agbebí. Kò fi ìwàásù sílẹ̀ o, surname ló fi sílẹ̀.

Ẹ wo Fílípì 2:25. Pọ́ọ̀lù pe Epafroditu ní arákùnrin. Inú orúkọ òrìṣà àwọn Gíríìkì, Afrodite, ni orúkọ yẹn ti wá. Pọ́ọ̀lù kò ní kó lọ kóòtù. Àpólò náà, orúkọ òrìṣà ló wà lára rẹ̀, ó sì ń wàásù pẹ̀lú agbára.

Àní ní Mopa níbí, Olóyè Sunday Awóníyì, sẹ́nétọ̀, alága Arewa Consultative Forum, ọmọ wa ni. Títí ó fi lọ ní 2007, Sunday wà níwájú, Awóníyì wà lẹ́yìn.

Surname tí o ń jẹ́ yìí, orúkọ ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀, bóyá bàbá bàbá rẹ, tí tíṣà kọ sínú rẹ́jísítà ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ wá síléèwé. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé yín, kí o béèrè ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín.